Jíà Wo Lẹ Máa Fi Gun Òkè? Ìtọ́sọ́nà fún Awakọ̀ Tírélà, Típà àti Táńkà

Bí tírélà bá gbé ẹrù jáde ní Òṣogbo, tó gba Ẹdẹ bọ́ sí Gbọ̀ngán, òkè tó máa gùn kò fi bẹ́ẹ̀ le. Tó bá wá forí lé Iléṣà, tó kọjá Ìwarájà lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Òkè kan kò ní tíì tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, kọ́nà á wà láàárín wọn, ibi tí èèyàn ti lè fi eré mú òkè kò sì ní pọ̀ mọ́. Irú ibẹ̀ lẹ ti ń rí ọkọ̀ tó há sí àárín òkè, tí ọmọ ọkọ̀ ń sáré gbé igi sídìí táyà, tí èéfín dúdú bo gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Jíà tí dírẹ́bà fi ń bọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú náà ló fi wọ òkè, ó ń retí pé iná, ìyẹn pẹ́dà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, á gbé e. Nígbà tó máa rántí pé ó yẹ kí òun mú jíà wálẹ̀, ọkọ̀ ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ òkè la ti ń mú jíà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù fún àárín òkè kò gbọdọ̀ ju àtúnṣe díẹ̀ lọ.

Ẹrù ló ń sọ iye eré

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé bí wọ́n bá ti tẹ iná mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á gun òkè kíá. Bí ẹrù bá ti kún, kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára ẹ́ńjìnnì lópin, ìwúwo ọkọ̀ àti gíga òkè ló sì jọ ń pín in. Ẹ wo Howo 371 tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ jọ jẹ́ tọ́ọ̀nù 40. Lórí òkè tó ń fi mítà 6 ga sókè nínú gbogbo mítà 100 tí ọkọ̀ bá rìn, eré tó lè fi gùn ún kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 ní wákàtí kan lọ. Bí òkè náà bá ń fi mítà 10 ga nínú 100, kò lè ju bíi 20 lọ. Ẹ tẹ iná títí kó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀, iye yẹn náà ni. Ẹni tó bá ti gbà pé 30 tàbí 20 lòun máa sá, ohun tó kù fún un láti mọ̀ ni jíà tó máa sá iye yẹn, tí ẹ́ńjìnnì á sì ṣì wà níbi tí agbára rẹ̀ ti tó.

Ká ní jíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ yìí jẹ́ onímẹ́wàá, tí difíréńṣà rẹ̀ jẹ́ 5.73 (ọ̀pá tó ń bọ̀ láti jíábọ́ọ̀sì á yí ní ìgbà 5.73 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan), tí táyà rẹ̀ sì jẹ́ 12.00R20. Jíà kẹjọ, nígbà tí aago RPM, tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, bá wà ní 1,500, á sá nǹkan bíi kìlómítà 30. Jíà keje ní 1,800 á sá 27. Kẹfà ní 1,800 á sá 20. Karùn-ún ní 1,800 á sá 15.

Ẹni tó bá ka iye wọ̀nyí wéréwéré á ní kẹjọ ló yẹ òkè onímítà 6, torí 30 náà ló sá. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. Ní 1,500, ẹ́ńjìnnì kò tíì kó gbogbo agbára ẹṣin rẹ̀ jọ. 371 tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ yẹn, ó di nǹkan bíi 2,200 kó tó pé. Nítorí náà, kẹjọ á máa bọ́ díẹ̀díẹ̀: 1,500, 1,450, 1,400, kò sì ní dúró. Keje ló máa di ọkọ̀ mú, ó tiẹ̀ lè kó eré jọ títí aago á fi tó bíi 2,000. Fún òkè onímítà 10, kẹfà á gbé e, àmọ́ tín-ín-rín ló máa fi gbé e. Ihò kan, kọ́nà kan, tàbí ọkọ̀ iwájú tó dẹ eré á já a sílẹ̀. Karùn-ún ni ọkàn á fi balẹ̀.

Bí difíréńṣà ọkọ̀ yín bá jẹ́ 4.42, èyí tí wọ́n ṣe fún eré ọ̀nà jíjìn, ẹ mú gbogbo iye tó wà lókè yìí wálẹ̀ ní jíà kan. Ohun tí keje ń ṣe fún onídifíréńṣà 5.73, kẹfà ló máa ṣe é fún yín. Ẹ bi mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ náà léèrè, torí ìdí yìí gan-an ni ọkọ̀ méjì tí orúkọ wọn jọra, tí ẹrù wọn sì dọ́gba, kì í fi gun òkè kan náà bákan náà. Awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ló sábà máa ń kó sí wàhálà yìí: jíà tó ń lò lórí ti tẹ́lẹ̀ ló ń wá lórí èyí.

Ojú pópó wa kì í sábà ní pátákó tó ń sọ bí òkè ṣe ga tó. Ẹ ṣe tiyín fúnra yín. Ẹ fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: orúkọ òkè, ẹrù tó wà lórí ọkọ̀, jíà tó gbé e dé orí, àti iye tí aago RPM dúró sí. Lẹ́yìn ìrìn bíi mélòó kan, ìwé yẹn á wúlò ju ìmọ̀ràn gáréèjì lọ.

Ohun tí aago RPM ń sọ

Fún irú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì yìí, àárín 1,100 sí 1,600 ni ipá tó fi ń fa nǹkan ti pọ̀ jù. Tó bá kọjá ibẹ̀, ipá yẹn á máa dín kù díẹ̀, àmọ́ agbára ẹṣin á ṣì máa pọ̀ sí i. Tó bá bọ́ sísàlẹ̀ 1,100, méjèèjì á já lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí òkè gígùn, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ aago wà láàárín 1,500 sí 2,000. Tó bá ti kan 1,400 tó sì ṣì ń bọ̀ wálẹ̀, ẹ mú jíà wálẹ̀. Ẹ má dúró de 1,100, torí kí ẹ tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì tán, òkè á ti fà á dé 900.

Àmọ́ tó bá bọ́ dé 1,400 tó sì dúró síbẹ̀, tí kò wálẹ̀ mọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ipá fífà ẹ́ńjìnnì ti bá òkè dọ́gba nìyẹn. Àwọn kan wà tí kì í lè rí ọkọ̀ kó máa lọ jẹ́jẹ́ kí ọwọ́ wọn má yún wọn; wọ́n á mú jíà sókè, ọkọ̀ á kú, wọ́n á tún mú un wálẹ̀, wọ́n á sì ti pàdánù eré tó tó ìdajì òkè.

Ẹ́ńjìnnì tó ń jìyà lábẹ́ jíà tó ga jù kì í dákẹ́. Ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, á máa dún gbùmù-gbùmù bíi pé ó fẹ́ kú, orí ọkọ̀ á máa gbọ̀n, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ á máa pariwo. Bí ẹ bá tún tẹ iná sí i, kò ní dáhùn, èéfín dúdú nìkan ló máa pọ̀ sí i. Èéfín yẹn ni dísẹ́ẹ̀lì tí kò jóná tán. Tọ́bò ń yí pẹ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń tì wọlé kò tó, bẹ́ẹ̀ iná tí ẹ tẹ̀ ń da epo lé e lórí. Ooru tó yẹ kó di agbára á wá dúró sórí písítìnnì àti fáàfù. Lákòókò kan náà, pọ́ọ̀ǹpù omi àti fáànù tó yẹ kó gbé ooru náà lọ ń yí pẹ̀lẹ́, torí ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń yí wọn. Bí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ṣe ń jóná lórí òkè nìyẹn, tí orí sìlíńdà sì ń sán. Wọ́n á ní òkè ló ba ọkọ̀ jẹ́. Jíà kẹjọ tó yẹ kó jẹ́ keje ló bà á jẹ́.

Odì kejì náà léwu. Nínú jíábọ́ọ̀sì onímẹ́wàá, jíà kan sí èkejì máa ń gbé RPM sókè ní bíi ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní 1,400, ìgbà tí ẹ bá mú jíà kan wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì á fò dé nǹkan bíi 1,900, èyí dára. Ní 1,700, á fò dé 2,300, ó ti ń kọjá ààlà nìyẹn. Bí ẹ bá fi tipátipá mú un wọlé lókè bẹ́ẹ̀, fáàfù lè pàdé písítìnnì, pàápàá tí òkè bá ti tẹ́jú tí ọkọ̀ ń kó eré jọ. Ẹ jẹ́ kó wá sísàlẹ̀ 1,600 kí ẹ tó mú un wálẹ̀.

Gbogbo iye yìí kì í ṣe ti ọkọ̀ gbogbo. Mercedes 911 tí àwọn onípákó ṣì ń lò ní jíà márùn-ún péré, àlàfo àárín jíà rẹ̀ fẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń yí dé 2,800; ó fẹ́ kí ẹ jẹ́ kó yí dáadáa kó tó fà. Mack àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnnì Maxidyne yàtọ̀ pátápátá: wọ́n ṣe é kó lè fa ẹrù láti nǹkan bíi 1,200 títí dé 2,100, ìdí nìyẹn tí jíà márùn-ún fi tó o. Dírẹ́bà tó bá kọ́ṣẹ́ lórí irú Mack bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn bọ́ jù kó tó yí jíà, torí Mack kò bá a jà rí. Bí àwọ̀ ewé bá wà lójú aago RPM yín, ẹ gbọ́ tirẹ̀ ju tiwa lọ.

Ní ẹsẹ̀ òkè

Láti bíi mítà 200 kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ òkè ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo tírélà tó wà lórí òkè náà: bí iná ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń tàn tàn-án-tàn-án tó sì ń rá bí ìgbín, òkè náà kì í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ wo bóyá ẹ rí orí òkè láti ìsàlẹ̀. Òkè tí ẹ kò bá rí orí rẹ̀, bí èyí tó pọ̀ ní ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, ẹ kà á sí òkè gígùn. Ẹ wo aago omi pẹ̀lú. Bí ooru bá ti ga kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dín eré kù kí ẹ sì jẹ́ kó wálẹ̀ ná.

Òkè kúkúrú àti òkè gígùn kì í gba ọgbọ́n kan náà. Gígun orí bíríìjì Ọláìyá láàárín ìlú Òṣogbo, tí ojú ọ̀nà bá ṣófo, eré tí ẹ ń sá bọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé yín dé òkè. Jíà kan wálẹ̀ ti tó. Tó bá jẹ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló wà níbẹ̀, kò sí eré kankan láti gbójú lé, ẹ mú jíà tí ẹ lè fi rìn láti ìdúró kí ẹ tó gun ibi tó dagun. Òkè gígùn ní tirẹ̀ á jẹ gbogbo eré tí ẹ bá gbé wá láàárín mítà mélòó kan àkọ́kọ́. Níbẹ̀, ẹ má gbára lé eré. Ẹ mú jíà tí ìwé yín sọ, tàbí tí ẹ kò bá tíì gun ibẹ̀ rí, ẹ mú èyí tó fi ọ̀kan kéré sí èyí tí ọkàn yín ń sọ. Jíà tó rẹlẹ̀ jù díẹ̀ á fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́ yín lójú ọ̀nà. Jíà tó ga jù lè dá yín dúró.

Kí ẹ mú un wọlé nígbà tí táyà iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kì í ṣe nígbà tí gbogbo tírélà ti wà lórí rẹ̀. Ní àkókò yẹn, ìwúwo kò tíì fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ẹ ṣì ní àyè bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì láti yí jíà láìpàdánù eré púpọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ iná, kó má jẹ́ gbàgà. Lórí táńkà tí kò kún, ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an: bí ẹ bá fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì, epo inú rẹ̀ á ya padà sẹ́yìn, á tì ọkọ̀ sẹ́yìn, á tún padà wá síwájú. Ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ kí ẹ tó fi kún iná.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ yí jíà lórí òkè

Bó ti wù kí ẹ mú jíà dáadáa tó, òkè kan á wà tó máa le sí i láàárín. Lórí jíábọ́ọ̀sì tí kò ní síńkírò (ohun tó ń mú kí eyín jíà yí bákan náà kí wọ́n tó wọra), bíi Fuller àti Mack àtijọ́, ẹ̀ẹ̀mejì la ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fa lẹ́fà bọ́ sí fíríì, ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ tẹ iná kí RPM fò sókè, ẹ tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ti lẹ́fà sínú jíà tó kéré, ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ padà sórí iná. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á parí rẹ̀ kí èèyàn tó ka ení, èjì.

Ohun tó ń dà á rú lórí òkè ni iye tí ẹ máa gbé RPM sí. Lórí títẹ́jú, láti 1,400 ẹ máa gbé e dé bíi 1,900 kí jíà tó kéré tó wọlé láìdún. Lórí òkè tó le, ọkọ̀ ti ń pàdánù eré ní gbogbo àkókò tí ẹ wà ní fíríì, nítorí náà 1,900 á ti pọ̀ jù. Nǹkan bíi 1,700 lẹ máa wá. Bí òkè bá ṣe le tó, bẹ́ẹ̀ ni iná tí ẹ nílò ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ yín ṣe gbọ́dọ̀ yá tó. Ìdí nìyí tí dírẹ́bà tó ń yí jíà láìsí wàhálà ní ọ̀nà Ìwó fi máa ń gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú jíábọ́ọ̀sì ní òkè Ẹ̀fọ̀n. Jíábọ́ọ̀sì tó ní síńkírò á dárí jì yín, àmọ́ títẹ iná díẹ̀ náà ní fíríì, nígbà tí ẹ ti fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, á jẹ́ kí síńkírò pẹ́.

Jíà kẹfà sí karùn-ún ni ibi tó léwu jù lára onímẹ́wàá. Jíà márùn-ún ló wà ní ìsàlẹ̀, márùn-ún ní òkè, bọ́tìnnì háì àti lóò tó wà lórí lẹ́fà ló sì ń pín wọn. Kẹfà wà ní ibi kan náà tí kìíní wà, karùn-ún sì wà ní òdìkejì pátápátá. Nítorí náà, láti kẹfà sí karùn-ún, iṣẹ́ méjì lẹ ń ṣe: afẹ́fẹ́ á ti jíábọ́ọ̀sì láti háì sí lóò, ọwọ́ yín á sì gbé lẹ́fà rìn jìnnà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì náà sí lóò *kí* ẹ tó fa lẹ́fà kúrò ní kẹfà. Bọ́tìnnì kò ní ṣe nǹkan kan títí lẹ́fà fi kọjá ní fíríì, ibẹ̀ ló ti máa yí. Tí ẹ bá gbàgbé bọ́tìnnì, tí ẹ sì gbé lẹ́fà lọ síbi karùn-ún, kẹwàá lẹ ń kì bọ̀ ọ́. Ọkọ̀ á kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bá sì ti lọ sílẹ̀, bọ́tìnnì á yí pẹ̀lẹ́ tàbí kó má yí rárá, ẹ ó sì wà ní fíríì lórí òkè pẹ̀lú tọ́ọ̀nù 40 lẹ́yìn yín. Ẹ wo aago afẹ́fẹ́ ní ẹsẹ̀ òkè. Ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 7 sí 8 báà, tàbí 100 sí 120 lójú aago PSI. Pàtàkì jù lọ, bí ẹ bá ti ń ṣiyèméjì láàárín kẹfà àti karùn-ún ní ẹsẹ̀ òkè, ẹ mú karùn-ún níbẹ̀. Ẹ má sì ṣe yí bọ́tìnnì láti háì sí lóò nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Síńkírò inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ.

Fífo jíà kan kò burú lórí òkè tó bá le lójijì, bíi láti kẹjọ bọ́ sí kẹfà. Àmọ́ jíà méjì ń gbé RPM sókè ní bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún: 1,100 á di 2,000. Ìgbà tí aago bá ti bọ́ dé bíi 1,100 nìkan ló ṣeé ṣe. Ẹni tó bá fò láti 1,500 ń wá owó ẹ́ńjìnnì.

Tí jíà bá kọ̀ láti wọlé, ẹ gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì kì í bọ jíà tó kéré sí èyí tí ẹ ń wá, torí eré ti lọ. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ tẹ bíréèkì kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn, ẹ fa hándì-bíréèkì, ẹ tan iná méjèèjì tó ń ṣẹ́jú, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti jíà kìíní. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń yí sẹ́yìn, kò sí jíà iwájú tí ẹ máa kì bọ̀ ọ́ tí kò ní fọ́ nǹkan.

Ìdúró àti gbígbéra lórí òkè

Ọmọ ọkọ̀ á fi igi onígun mẹ́ta sẹ́yìn táyà tírélà. Kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá ń fi í síbẹ̀, kó má wà lẹ́yìn ọkọ̀ rárá. Kó sì rí i pé ó kó igi náà lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gbéra; òkúta tí wọ́n fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà ti pa ọlọ́kadà púpọ̀.

Jíà kìíní la fi ń gbéra. Ọ̀pọ̀ máa ń lo ìkejì tàbí ìkẹta, torí ó yá, wọ́n á wá máa jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀ kí ọkọ̀ lè rìn. Pléètì kílọ́ọ̀ṣì á gbóná, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ọkọ̀, bíi rọ́bà tó ń jó. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ kì kìíní, ẹ gbé RPM dé bíi 1,000, ẹ máa fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí orí ọkọ̀ á fi gbéra sókè díẹ̀ tí ohùn ẹ́ńjìnnì á sì rẹlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gbá mú. Ẹ tú hándì-bíréèkì nígbà náà, ẹ fi kún iná díẹ̀, ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pátápátá láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹni tó ń fi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lórí òkè nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, dípò hándì-bíréèkì, á ra pléètì tuntun kí ọdún tó yí.

Ẹ ti dìde, ẹ má kánjú mú ìkejì. Láti jíà kan sókè lórí òkè, ẹ jẹ́ kí RPM kọ́kọ́ tó 2,000, torí ọkọ̀ á pàdánù eré kí ìkejì tó wọlé. Tí òkè bá le gan-an, ẹ fi kìíní gùn ún dé orí.

Lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, bíi ibi tí típà ti ń kó yanrìn, táyà lè máa yí lásán kí ọkọ̀ má sì kúrò lójú kan. Iná kò ràn án. Ẹ dúró, ẹ ti ọ̀pá tó ń de difíréńṣà pọ̀ nígbà tí táyà kò yí, ẹ wá fi jíà kìíní tàbí ìkejì lọ jẹ́jẹ́. Tí ẹ bá ti é nígbà tí táyà kan ń yí tó ń sáré, eyín inú rẹ̀ á ká. Ẹ tú u kí ẹ tó yà sí kọ́nà tàbí bọ́ sórí ọ̀dà, torí difíréńṣà tí a dè kì í fẹ́ yà, á máa ti ọkọ̀ tààrà lọ sínú kòtò.

Ooru

Láàárín 80 sí 95 ni aago omi sábà máa ń wà. Tó bá ń sún mọ́ 100 lórí òkè, ohun tó kọ́kọ́ yẹ ni kí ẹ mú jíà kan wálẹ̀ kí ẹ sì dẹ iná. Ó dà bíi pé ó lòdì, torí RPM á ga, àmọ́ ẹrù tó wà lórí písítìnnì á fúyẹ́, fáànù àti pọ́ọ̀ǹpù omi á sì yára. Tó bá kọ̀ tó wọ pupa, ẹ wá ibi tó láyè, ẹ dúró. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa yí lásán fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí tọ́bò àti omi tutù, àfi tí omi bá ń tú jáde tàbí aago òróró bá ti jábọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná.

Ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀

Púpọ̀ nínú Actros àti Volvo tó ń yí jíà fúnra wọn ń rí òkè nígbà tí wọ́n bá ti wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ń rí i ṣáájú. Ẹ bọ́ sí M ní ẹsẹ̀ òkè, ẹ mú jíà tí ẹ fẹ́ fúnra yín, ẹ dì í mú síbẹ̀ kó má baà máa lọ sókè sódò láàárín jíà méjì. Nígbà tí orí òkè bá ti tẹ́jú, ẹ dá a padà sí A.

Bíbọ́ wálẹ̀

Jíà tó gbé yín gun òkè náà ló yẹ kó bá yín sọ̀ kalẹ̀, tàbí ọ̀kan tó kéré sí i. Orí òkè, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí wálẹ̀, lẹ ti máa mú un. Tí ọkọ̀ bá ti ń sáré lọ, jíà tó kéré kò ní wọlé mọ́, ẹ ó sì wà ní fíríì pẹ̀lú bíréèkì nìkan. Ẹ tan bíréèkì ẹ́ńjìnnì tàbí ti èéfín, ẹ jẹ́ kó di ọkọ̀ mú. Tí RPM bá fẹ́ kọjá ààlà, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ dáadáa títí eré á fi dín ní bíi kìlómítà 10, ẹ fi sílẹ̀ kó tutù, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò kúrò lórí bíréèkì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ ń jó ṣúù bíréèkì. Á gbóná, kò ní mú mọ́, afẹ́fẹ́ á sì máa lọ sílẹ̀. Àwọn tó ń fi fíríì sọ̀ kalẹ̀ nítorí àti dín epo kù kò dín nǹkan kan kù: nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú jíà tí ẹsẹ̀ kò sì sí lórí iná, ẹ́ńjìnnì tó ń lo pọ́ọ̀ǹpù oníkọ̀ǹpútà kì í fa dísẹ́ẹ̀lì wọlé rárá, ìgbà tó bá wà ní fíríì ló ń fa á kó má baà kú.